Gíláàsì 90, gíláàsì 96, tàbí gíláàsì fèrèsé: èwo ni kí ẹ rà sí ìléru yín?

Láti ìgbà tí mo ti ń ta àwo gíláàsì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Mo fẹ́ ra ìléru kékeré. Gíláàsì wo ni kí n kọ́kọ́ rà sí i?" Ìléru oníná mànàmáná ni mo ń sọ, kiln, èyí tí a ń to gíláàsì sí nínú kí ooru lè yọ́ wọn pọ̀ di ẹyọ kan.

Oríṣi mẹ́ta ló wà níwájú yín. 90 àti 96 jẹ́ nọ́ńbà tó ń sọ bí gíláàsì ṣe ń fẹ̀ tó bó bá gbóná, màá ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀. Àkọ́kọ́ ni 90, tí èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ti Bullseye, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Portland, Oregon, ní 1974. Ìkejì ni 96. Ilé iṣẹ́ Spectrum ní ìpínlẹ̀ Washington ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n ti ilẹ̀kùn ní 2016, Oceanside ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ìkẹta ni gíláàsì fèrèsé àti ìgò, tí ẹ lè rí lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ilé yín. Mo ti sun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú gáréèjì mi ní Manchester níbí. 96 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. 90 ni mo ń lò láti ọdún mẹ́fà báyìí.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí bí gíláàsì ṣe nípọn tó àti iye àwọ̀ tó wà. Ẹni tó ń tà á á sọ ìyẹn fún yín kí ẹ tó béèrè.

Àwọn tí a lè yára sọ

Owó: níbi tí mo ti ń rajà, 90 ló wọ́n jù, 96 rọjú díẹ̀, ti fèrèsé pọ́ọ́kú.

Ooru: mo máa ń yọ́ 90 pọ̀ pátápátá ní 804°C fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. 96 kò tó bẹ́ẹ̀ kó tó yọ́. Fèrèsé ń fẹ́ nǹkan bí 830°C sókè, owó iná yín á sì fi hàn.

Gígé: 96 rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ gíláàsì ju 90 lọ. Títí dòní, ohun kan tí ọwọ́ mi ń ṣàárò rẹ̀ nìyẹn.

Àwọ̀: nínú 90, àwọn kan máa ń bára wọn jà, ìjà náà sì dára. Búlúù tó ní bàbà nínú, bí ẹ bá tò ó ti àwọ̀ wàrà tó ní imí ọjọ́ nínú, ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú kan á yọ láàárín wọn bí ẹni fi kálàmù fà á. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ìbámu: ibi tí owó mi ti lọ

Ohun tó bá gbóná á fẹ̀, tó bá ń tutù á súnkì. Nọ́ńbà 90 tàbí 96 yẹn ló ń sọ bí gíláàsì náà ṣe ń fẹ̀ tó, tó sì ń súnkì tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní àwo kan fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, tí ẹ fi 90 àti 96 pọ̀ ṣe é, tó wá tutù láti 510°C dé ooru inú yàrá: ìyàtọ̀ tó wà láàárín bí àwọn méjèèjì ṣe súnkì kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí fọ́nrán irun orí ni. Ṣùgbọ́n gíláàsì kì í tẹ̀ bí ike. Wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra, ọ̀kan ń fà síhìn-ín, èkejì ń fà sọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa fa ara wọn títí ọ̀kan á fi sán. Ó lè jẹ́ nínú ìléru níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lórí tábìlì ẹni tó ra á lọ́wọ́ yín.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà náà ni pé nọ́ńbà yẹn nìkan kò tó. Bí gíláàsì ṣe ń ki nígbà tó ń dì pa dà náà wà níbẹ̀. Gíláàsì méjì lè jẹ́ 90 lórí ìwé kí wọ́n má bára mu rárá. Bullseye fúnra wọn máa ń kìlọ̀ pé nọ́ńbà kọ́ ni ìbámu. Ìdánwò ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí: wọ́n á yọ́ ẹ̀ẹ́rún gíláàsì tuntun mọ́ gíláàsì mímọ́ kan, èyí tí kò ní àwọ̀, wọ́n á wò ó bóyá àwọn méjèèjì ń fa ara wọn, kí wọ́n tó tà á fún wa.

Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ra àpótí ẹ̀já gíláàsì kan, ìyẹn àwọn àjákù tí wọ́n gé kù, lọ́wọ́ oníṣòwò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kílò márùn-ún, £45. "96" ló kọ sí ara àpótí náà gàdàgbà. Inú mi dùn pé mo rí ọjà pọ́ọ́kú rà.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wa ní kí n ṣe àwo tí wọ́n máa gbé obì àti orógbó sí níbi ìdána ọmọ òun. Mo fi àwọ̀ aró ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fi ẹ̀já funfun láti inú àpótí yẹn ṣe ọnà sí ojú rẹ̀. Ó jáde nínú ìléru láìní àléébù kankan. Mo gbé e lọ fún wọn ní Ọjọ́bọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, agogo mọ́kànlá ti kọjá, fóònù mi dún.

"Àbúrò, àwo yẹn ti sán o. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ilé ìdáná la wà tá a gbọ́ táì! ní pálọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ má jẹ́ kí àwọn àna rí i."

"Ti àwọn àna kọ́ ni mò ń sọ. Màmá mi ló rí i."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àgbàlagbà máa rò bí àwo obì bá là sí méjì fúnra rẹ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú ìdána. Màmá náà kò sùn mọ́jú. Inú igbá ni wọ́n gbé obì sí lọ́jọ́ kejì, ìdána sì lọ dáadáa, àmọ́ ojú tí màmá yẹn fi wò mí nínú gbọ̀ngàn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Mo gba àwo náà pa dà, mo gbé e sábẹ́ iná. Ìsán náà tẹ̀lé etí ẹ̀já funfun yẹn bí ẹni ń tẹ̀lé ààlà oko, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Mo wá dán gbogbo ohun tó wà nínú àpótí yẹn wò. Nínú àwọ̀ mẹ́rìnlá, márùn-ún kì í ṣe 96. Mo ti lò wọ́n sára iṣẹ́ mọ́kànlá. Mo fọ́ gbogbo èyí tó wà nílé, mo kọ̀wé sí oníbàárà mẹ́ta, mo dá owó wọn pa dà. Gbogbo rẹ̀ lé ní £200. Nígbà tí mo bá oníṣòwò náà sọ̀rọ̀, ó ní bí òun ṣe rà á lòun ṣe tà á.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò fúnra yín

Ìdánwò tí mo ṣe yẹn kò ṣòro. Ẹ wá pẹlẹbẹ ike dúdú méjì tí wọ́n ń pè ní polariser, irú èyí tó wà nínú àwọn awò oòrùn kan. Ẹ gé gíláàsì mímọ́ gígùn kan láti inú èyí tó dá yín lójú. Ẹ to ẹ̀ẹ́rún àwọ̀ tí ẹ fẹ́ dán wò sórí rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó èékánná, kí wọ́n jìnnà síra díẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti fi ẹ̀ẹ́rún gíláàsì mímọ́ yẹn kan náà kún un. Ẹ yọ́ wọn pọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù bó ṣe yẹ.

Bó bá jáde, ẹ gbé e sáàárín ike méjèèjì níwájú iná, kí ẹ yí ọ̀kan nínú ike náà títí gbogbo rẹ̀ á fi ṣókùnkùn. Ẹ wá wo etí ẹ̀ẹ́rún kọ̀ọ̀kan. Bí òkùnkùn náà bá dúró, wọ́n bára mu. Bí ìmọ́lẹ̀ funfun bá rọra yọ ní igun rẹ̀, bí èyí tó máa ń yí òṣùpá ká, wọ́n ń fa ara wọn nìyẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣe mọ́lẹ̀ tó ni ìjà náà ṣe le tó. Bí ti ẹ̀ẹ́rún mímọ́ tí ẹ fi kún un náà bá mọ́lẹ̀, ẹ má tíì dá gíláàsì lẹ́bi: bí ẹ ṣe mú un tutù ni kò dáa. Gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ kì í gbà kọjá náà ṣeé dán wò bẹ́ẹ̀, torí inú gíláàsì mímọ́ tó yí i ká ni ìmọ́lẹ̀ náà ti ń yọ.

Ìsán náà ní bó ṣe ń sọ ohun tó fà á. Ẹ fi ìka kan etí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá ti rí róbótó, tó ń dán, ìgbà tí ooru ń gòkè ló sán, ẹ kánjú jù. Bó bá mú bí abẹ, ìgbà tó ń tutù ni, tàbí lẹ́yìn ìgbà náà. Bó bá tẹ̀lé ààlà àwọ̀ méjì, ìbámu ni. Bó bá ṣe kọ́lọkọ̀lọ gba àárín kọjá tí kò ka àwọ̀ kankan sí, ìtutù ni.

Fún ìtutù, àwo 90 tó nípọn tó mìlímítà mẹ́fà, mo máa ń dá a dúró ní 482°C fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ ní 83°C ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí dé 371°C. Àwọn tó ń lo 96 máa ń dá tiwọn dúró ní nǹkan bí 510°C. Bó bá ṣe nípọn sí i, àkókò náà á gùn sí i. Ẹ má sì ṣí ìdérí láti yọjú wò ó. Mo mọ bó ṣe ń ṣeni.

Fèrèsé àti ìgò, pàápàá fún ẹni tó wà nílé

Àwọn tó ń kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn àti Èkó, tí owó fífi ọkọ̀ òfuurufú kó gíláàsì wọlé máa ń gbọ́n wọn lápò, ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Gíláàsì fèrèsé kì í ṣe ohun àbùkù. Ní St Helens, tí kò jìnnà sí wa níbí, ni Pilkington ti gbé ọ̀nà tí ayé fi ń ṣe é jáde ní 1959: wọ́n ń da gíláàsì yíyọ́ sórí tánńganran yíyọ́ kí ó lè tẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ kan fi ní tánńganran lára. Bí ẹ bá sun ún, ojú yẹn lè ṣú bí dígí tí ẹnì kan mí sí. Ẹ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ kí ẹ tó tò ó, kí gbogbo rẹ̀ kọjú síbì kan náà.

Ó tún máa ń yára yọ funfun bí eérú lójú, nígbà tí ooru bá pẹ́ jù lórí rẹ̀ tàbí tí ẹ kò fọ̀ ọ́ mọ́. Ara pépà gíláàsì kan ṣoṣo, ìyẹn odindi pẹlẹbẹ kan, ni kí ẹ ti gé gbogbo ohun tí ẹ máa yọ́ pọ̀. Àwọ̀ 90 tàbí 96 kò ṣeé yọ́ mọ́ ọn. Ìyẹ̀fun àwọ̀ tí wọ́n ṣe fún fèrèsé ni kí ẹ wá. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tàbí ti ilé ìwẹ̀, tó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí iyọ̀, kò ṣeé gé rárá. Ìgò ní tiẹ̀, ìgò kan ṣoṣo ni kí ẹ yọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ìgò méjì láti ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jẹ́ àlejò síra wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ìgò dáadáa, ẹ wo àwọn Krobo ní Gánà. Wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù amọ̀, wọ́n á ki igi ewé ẹ̀gẹ́ bọ àárín rẹ̀. Igi náà á jóná, ihò ìlẹ̀kẹ̀ á kù. Àwa náà kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí: ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ti ń ṣe gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ fúnra wọn kí òyìnbó tó dé etíkun wa.

Bí iná bá lọ nígbà tí iṣẹ́ yín ń tutù, ẹ fi ìléru náà sílẹ̀ ní pípadé di ọjọ́ kejì. Èyí tó ní bíríkì tó nípọn ló máa ń pa ooru mọ́ jù, ẹ rántí ìyẹn nígbà tí ẹ bá ń ra tiyín.

Èwo wá ni?

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ ni, tí owó kò sí, ẹ lo fèrèsé. Bí ẹni tó ń kọ́ yín bá ń lo 96, tí ọ̀rẹ́ yín tó wà nítòsí sì ń lò ó, ẹ lo 96 kí ẹ lè máa yá ara yín ní ẹ̀já. Gíláàsì dáadáa ni, kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tí ẹ máa tà ni, tó máa dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹnì kan lálẹ́ ọjọ́ ńlá, 90 láti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo máa ní kí ẹ rà. Kí ẹ rà á ní odindi pépà, pẹ̀lú àmì ilé iṣẹ́ lára rẹ̀. Láti ọdún mẹ́fà, kò sí ẹni tó tíì pè mí lálẹ́.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, mímọ́ méjì, funfun kan, dúdú kan, àti àwọ̀ kan tí ẹ fẹ́ràn, ó tó. Ẹ ra ike polariser yẹn kí ẹ tó ra àwọ̀ kẹfà. Ẹ sì ra bírò tí kì í pa rẹ́, kí ẹ máa kọ 90 sí ara gbogbo ẹ̀já bí ẹ bá ṣe ń gé e, títí kan èyí tí kò ju èékánná lọ. Èyí tí ẹ bá rí tí kò ní nọ́ńbà, ẹ jù ú nù.