Keyer Morse àfọwọ́tò: iṣẹ́ inú rẹ̀ dára, ìwé rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó

Ẹni tó bá ń wá keyer Morse tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ tò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń báni ta àmì Morse (ohùn kúkúrú àti gígùn tó dúró fún lẹ́tà) sórí rédíò, kó ra èyí tí mo ra yìí. ₦18,000 ni mo rà á, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rá kan. Ṣùgbọ́n kó ní mítà tí wọ́n fi ń wọn iná nílé, kó má sì fọkàn tán ìwé ìtọ́ni inú rẹ̀. N kò ní dárúkọ ẹni tó ń tà á, torí mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó sì ní òun máa tún un ṣe.

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama ní Surulere. Mo ní àmì 5N tí wọ́n ń fún àwa tá à ń bá ayé sọ̀rọ̀ lórí rédíò láti Nàìjíríà, Morse ni mo sì fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ní Èkó yìí tí inverter àti jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ń pariwo sínú rédíò láti ìrọ̀lẹ́ dòru, ohùn èèyàn lè má ta yọ rárá lórí 7 MHz, ṣùgbọ́n Morse á ta yọ, torí àyè tó ń gbà kò tó nǹkan.

Kí n kọ́kọ́ yìn ín níbi tó yẹ. Paddle, ohun tá à ń fọwọ́ tẹ láti ta Morse, ní abala méjì: ẹ tẹ ọ̀kan, ó ń ta dit, èyí kúkúrú, ẹ tẹ èkejì, ó ń ta dah, èyí gígùn, ẹ fún méjèèjì pọ̀, ó ń ta wọ́n ní àtẹ̀léra. Iṣẹ́ keyer ni láti rí i pé dah gùn ní ìlọ́po mẹ́ta dit, àti pé àlàfo àárín wọn jẹ́ dit kan. Ọ̀rọ̀ PARIS ni wọ́n fi ń wọn ìyára Morse, ìwọ̀n dit 50 ló sì gbà pẹ̀lú àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi 20 ṣe é bí mo ṣe fi dán an wò: ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú kan jẹ́ dit 1,000, nítorí náà dit kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 60 mílísẹ́kọ́ńdì. Mo fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, mo wọ̀n ọ́n. 60 gẹ́lẹ́ ni mo rí, dah sì jẹ́ 180. Mo gbé ìyára rẹ̀ sókè, mo gbé e wálẹ̀, kò yẹ̀. Ó jẹ́ kí èèyàn mú mode A tàbí mode B (ọ̀nà méjì tí keyer ń gbà parí àmì tí ẹ bá fi abala méjèèjì sílẹ̀), ó sì lè tọ́jú ìpè CQ, ìyẹn ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́, sínú kó máa bá yín pè é. Ẹni tó kọ prógíráàmù inú ATtiny85, IC tó jẹ́ ọpọlọ keyer yẹn, mọṣẹ́, mo kan sáárá sí i.

Wàhálà dé nígbà tí mo so ó mọ́ rédíò. Béèpù inú keyer ń dún geere, àmọ́ rédíò ń gbé lẹ́tà kan, ó ń já méjì sílẹ̀. Tí irú èyí bá ṣe yín, ẹ má wulẹ̀ tú paddle. Bí béèpù bá ti ń dún dáadáa, ara paddle àti IC le nìyẹn. Ohun tó kù láàárín IC àti rédíò ò ju rẹsítọ̀ kan, tíránsísítọ̀ kan àti wáyà lọ. Mo fi mítà sí ojú wáyà tó lọ sí rédíò: volt 5 nígbà tí n kò tẹ nǹkan kan. Tí mo bá tẹ paddle, ó yẹ kó já wálẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òdo, ṣùgbọ́n kò wálẹ̀ ju volt 2 lọ. Tíránsísítọ̀, tó dà bíi súwíìsì láàárín wọn, ò ṣí tán.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Ìbejì tó ń tún àńpìlífáyà ṣe ní Lawanson. Ó bọ ìgò sójú, ó yí bọ́ọ̀dù síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

“Àǹtí, tíránsísítọ̀ 2N3904 ni wọ́n ya àwòrán inú ìwé yìí fún. Ẹ ka ohun tó wà lára èyí tí wọ́n kó fún yín.”

BC547 ni. Tí ẹ bá kọ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ síra yín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ti 2N3904 láti òsì ni emitter, base, collector. Ti BC547 ni collector, base, emitter. Àwọn méjèèjì ló lè ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ lé àwòrán máa fi BC547 síbẹ̀ lódìlódì ni. Bàbá Ìbejì fa léèdì rẹ̀ kúrò, ó yí i po, ó lẹ̀ ẹ́ padà. Mítà bọ́ sí volt 0.1, rédíò ò sì já lẹ́tà kankan sílẹ̀ mọ́. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí á tẹ̀ lé ìwé láìkù síbì kan, á wá rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń pa á tì.

Èkejì: ní wáàtì 10 kò sí ìṣòro, tí mo bá gbé rédíò dé wáàtì 50, keyer á bẹ̀rẹ̀ sí í ta dit fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Agbára tó ń jáde ní áńtẹ́nà orí òrùlé mi ló ń gba wáyà paddle wọlé. Kápásítọ̀ 10 nF kọ̀ọ̀kan láti abala paddle méjèèjì sí ground, nídìí ihò paddle gan-an, àti wáyà tí a wé mọ́ òrùka ferrite, ló parí rẹ̀. Owó péréte ni mo fi rà wọ́n ní Alaba. Ó yẹ kí wọ́n ti wà nínú ọ̀rá yẹn láti ilẹ̀.

Ihò paddle àti ihò rédíò tún jọra, wọn ò kọ nǹkan sí wọn lára. Tí ẹ bá ki plug mono (èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ méjì péré, kì í ṣe mẹ́ta) bọ ti paddle, yóò so abala kan mọ́ ground, dah á sì máa ya láìdúró.

Ọ̀rọ̀ bátìrì náà ń bí mi nínú díẹ̀. IC máa ń sùn tí ẹ kò bá lò ó, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan nígbà yẹn, ṣùgbọ́n 78L05 tó ń sọ volt 9 di 5 kì í sùn, ó ń jẹ bíi mA 3 tọ̀sán-tòru. Bátìrì 9 V kì í pẹ́ kú sí i nídìí. Mo yọ 78L05 náà, mo fi bátìrì AA mẹ́ta tó jẹ́ volt 4.5 rọ́pò, ATtiny85 sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ láìsí wàhálà.

Ẹni tó ń tà á ní ìwé tuntun ń bọ̀. Kí ìyẹn tó dé, tí ẹ bá ti ra tiyín, ẹ ka nọ́ńbà ara tíránsísítọ̀ kí iná tó kan ayọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lẹ léèdì.