Àgbéyẹ̀wò Medicare lẹ́yìn ọdún mẹ́ta: ẹ̀tọ́ sí onímọ̀ oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ àgbà wa kò tíì bèèrè

Ọdún 27 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú Houston kí n tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2022. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ síwájú àwọn àgbà tí dọ́kítà ti ní kí wọ́n ṣọ́ ẹnu, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kàn mí, tí wọ́n sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ, n kò mọ ohun tí mo lè bù sínú àwo ara mi. Medicare ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 65 àti fún àwọn kan tí àìlera kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tí yóò sì gba ọ̀rọ̀ mi jù lọ ni ẹ̀tọ́ kan tí ó fara sin sínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a dàgbà síhìn-ín kò mọ̀ pé a ní: ẹ̀tọ́ láti jókòó ti onímọ̀ oúnjẹ láìsan kọ́bọ̀.

Ààrẹ Lyndon Johnson ni ó fọwọ́ sí òfin tí ó dá Medicare sílẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1965. Inú owó iṣẹ́ wa ni wọ́n ti ń yọ owó díẹ̀ fún un láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹni tí òun tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ tí ó sì san owó orí yìí fún ọdún 10 kì í san owó oṣooṣù fún Apá A, tí ó jẹ́ ti ìtọ́jú inú ilé ìwòsàn. Apá B, tí ó jẹ́ ti dọ́kítà, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tí a kò sùn sílé ìwòsàn fún, ni a ń sanwó fún lóṣooṣù. Dọ́là 170.10 ni ó jẹ́ nígbà tí mo wọlé ní ọdún 2022, ó ti di dọ́là 185 ní ọdún 2025, inú owó Social Security mi, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ń san, ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́ kí ó tó dé ọwọ́ mi. Oṣù méje ni wọ́n là sílẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀: oṣù mẹ́ta tí ó ṣáájú oṣù tí ènìyàn pé ọmọ ọdún 65, oṣù náà gan-an, àti oṣù mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá ní adójútòfò ìlera láti ibi iṣẹ́, tí ó sì fi Apá B falẹ̀, yóò máa san àfikún ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún odindi ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó fi falẹ̀, yóò sì máa san án lọ ní gbogbo ìgbà tí ó bá fi wà nínú ètò náà. Mo mọ àgbà méjì nínú ìjọ wa tí wọ́n ń san án lónìí nítorí pé ara wọn le nígbà náà, wọn kò sì rí ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Ẹ má ṣe rò pé Medicare ń san gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2025, dọ́là 257 àkọ́kọ́ nínú ìtọ́jú Apá B, àpò wa ni ó ti jáde. Lẹ́yìn èyí, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ tiwa, kò sì sí iye kan tí yóò dé tí wọn yóò sọ pé ó tó. Nítorí èyí ni mo ṣe ra adójútòfò àfikún tí wọ́n ń pè ní Medigap, irú èyí tí lẹ́tà G dúró fún, láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ kankan kò lè torí àìsàn tí mo ti ní tẹ́lẹ̀ kọ̀ mí. Bàbá àwọn ọmọ mi gba ọ̀nà mìíràn. Ó yan Apá C, tí wọ́n ń pè ní Medicare Advantage, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ń bójú tó, nítorí pé aṣojú ilé iṣẹ́ kan ṣèlérí ìtọ́jú eyín àti awò ojú fún wọn. Ìlérí eyín náà ṣẹ, ṣùgbọ́n dọ́kítà ọkàn tí wọ́n ti ń lọ rí láti ọdún mẹ́sàn-án kò sí lára àwọn tí ilé iṣẹ́ náà ń bá ṣiṣẹ́, a kò sì mọ̀ títí tí ìwé gbèsè fi wọlé. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ni ìgbà tí gbogbo ènìyàn lè ṣe pààrọ̀ lọ́dọọdún, ẹni tí ó bá sì wà nínú Apá C tún lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù Kíní sí ìparí oṣù Kẹta; a ní láti mú sùúrù títí ìgbà fi tó. Mi ò torí èyí sọ pé Apá C kò dára, nítorí ó ní ohun tí Medicare ti ìjọba kò ní, ìyẹn òpin sí ohun tí ènìyàn lè ná lọ́dún. Ní 2025, kò gbọdọ̀ ju dọ́là 9,350 lọ fún ìtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn dọ́kítà tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ kọ orúkọ àwọn dọ́kítà yín àti oògùn yín sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá àwọn olùdámọ̀ràn tí ìjọba ń sanwó fún, tí wọn kì í ta ohunkóhun. HICAP ni wọ́n ń pè wọ́n ní Texas, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni a ti rí èyí tí bàbá ń lò báyìí, tí dọ́kítà ọkàn wọn wà nínú rẹ̀.

Oúnjẹ ni ìdí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, àyẹ̀wò A1C mi, tí ó ń fi hàn bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, jẹ́ 8.6. Dọ́kítà kọ metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, fún mi, nọ́ọ̀sì sì fún mi ní ìwé kan tí àwòrán oúnjẹ wà lára rẹ̀: broccoli, quinoa, ẹja salmon, búrẹ́dì dúdú. Mo wo iwájú rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, n kò rí ẹyọ ohun kan níbẹ̀ tí a máa ń sè nílé wa. Mo jẹ oúnjẹ inú ìwé náà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo gbé omi kaná, mo ro àmàlà, mo sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rù, bí ẹni tí ó ń jalè nínú ilé ara rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ni ó rí ọ̀nà àbáyọ nínú ìwé ńlá tí Medicare máa ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún. Ó wà níbẹ̀ pé ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn kíndìnrín, tàbí tí wọ́n bá pààrọ̀ kíndìnrín fún láàárín oṣù 36, lẹ́tọ̀ọ́ sí wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú onímọ̀ oúnjẹ ní ọdún àkọ́kọ́, àti wákàtí méjì ní ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó tẹ̀ lé e, bí dọ́kítà bá ti lè kọ ìwé sí i. Kò sí owó kankan tí a óò san, ìdá 20 yẹn kò sì kàn án. Mo bèèrè rẹ̀ níbi tí mo ti ń gba ìtọ́jú, ẹni tí ó ń gbàlejò sọ pé kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo tún bèèrè, wọ́n ní kí n lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà kẹta, mo gbé ìwé náà dání, mo ṣí i síwájú dọ́kítà, ó kà á, ó sì kọ ìwé tí mo fẹ́ kí n tó dìde lórí àga. Ó dùn mí pé ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn dáadáa, tàbí tí ojú máa ń tì láti bèèrè lẹ́ẹ̀mejì, yóò ti padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ọmọbìnrin tí ó jẹ́ onímọ̀ oúnjẹ tí mo lọ bá kò tíì gbọ́ orúkọ èlùbọ́ rí, ṣùgbọ́n kò ṣe bí ẹni tí ó mọ ohun tí kò mọ̀. Ó ní kí n kó ohun tí mo ń jẹ wá nígbà tí mo bá ń padà bọ̀. Mo lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù wa ní òpópónà Bissonnet, mo ra èlùbọ́, gàrí, ẹ̀wà olóyin, ewédú inú yìnyín àti máàgí, mo sì ro àmàlà láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fi ọ̀rá wé e bí mo ṣe máa ń wé e. Ó gbé ìdì kan ka orí òṣùwọ̀n, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò èlùbọ́, ó sì fi ìṣirò hàn mí pé ìdì méjì tí mo ń jẹ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ìṣòro mi. Kò sọ pé kí n má jẹ àmàlà mọ́. Ó ní kí òkèlè má ṣe ju ìkúùkù mi lọ, kí ó gba ìdá mẹ́rin àwo tí kò fẹ̀ ju ínǹṣì mẹ́sàn-án lọ, kí ẹja tàbí ẹran gba ìdá mẹ́rin mìíràn, kí ẹ̀fọ́ sì gba ìdajì tí ó kù. Ẹni tí ó bá ti jẹ ẹ̀fọ́ rírò ní ilé Yorùbá yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ìyà. Ó ní kí n máa jẹun alẹ́ kí aago méje tó lù, kí n sì rìn yí àdúgbò ká fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀.

Ó tún ìmọ̀ mi ṣe níbi tí n kò retí. Èmi náà gbà, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ṣe gbà, pé èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òkèlè àlìkámà kò ní ṣúgà nínú, pé alátọ̀gbẹ lè jẹ wọ́n bí ó bá ṣe wù ú. Ó ní kí n má gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́, kí n fi ẹ̀rọ ìdíwọ̀n ṣúgà mi dán an wò. Mo wọn ara mi ní wákàtí méjì lẹ́yìn àmàlà, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òkèlè àlìkámà tí ó tóbi tó o, ìyàtọ̀ tí mo rí kò tó nǹkan. Ìwọ̀n ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe orúkọ òkèlè. Gbẹ̀gìrì àti mọ́ínmọ́ín ni ó yìn jù lọ, nítorí pé ẹ̀wà ní èròjà tí ń gbé iṣan ró, àgbà tí kò bá sì jẹ irú èròjà bẹ́ẹ̀ tó, iṣan rẹ̀ yóò máa tán, ìṣubú kò sì ní jìnnà sí i. Ó kìlọ̀ fún mi pé ṣíbí kékeré iyọ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo iye sodium, èròjà inú iyọ̀, tí ó yẹ fún ènìyàn lójúmọ́ tán, kí n tó wá ka máàgí mọ́ ọn. Irú àti edé ni mo fi ń mú ọbẹ̀ ta sánsán báyìí. Ó bèèrè ààwẹ̀ pẹ̀lú, ohun tí dọ́kítà kankan kò bèèrè lọ́wọ́ mi rí, ó sì ní kí n máa sọ fún dọ́kítà kí n tó gbààwẹ̀, pàápàá jù lọ ẹni tí ó bá ń lo insulin. Ìmọ̀ràn rẹ̀ náà ni mo fi ṣe àyẹ̀wò fítámìn B12, nítorí metformin lè dín in kù lára ẹni tí ó ti ń lò ó pẹ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, A1C mi wá sí 7.1. Ní èyí tí a ṣe gbẹ̀yìn, ó jẹ́ 6.8, láìfi oògùn kún oògùn.

Àléébù tí ó wà nínú ẹ̀tọ́ yìí ni pé kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni ó ní. Mo ka èyí sí àṣìṣe ńlá, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó pọ̀ jù láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, tí ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ṣé ìgbà tí kíndìnrín bá ti bàjẹ́ tán ni ó yẹ kí wọ́n tó kọ́ wa bí a ṣe ń dín iyọ̀ kù? Eyín náà wà níbẹ̀. Medicare ti ìjọba kì í sábà san owó eyín, awò ojú tàbí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò ní eyín tí yóò fi jẹ ẹran àti ẹ̀fọ́, ẹ̀kọ àti búrẹ́dì ni yóò máa gbé mì.

Ní ti oògùn, inú mi dùn sí àtúnṣe tí ó wọlé. Láti oṣù Kíní ọdún 2023, insulin tí bàbá ń lò kì í ju dọ́là 35 lọ lóṣù, ní ọdún 2025 sì ni wọ́n fi òpin sí ohun tí ènìyàn ń san fún oògùn lábẹ́ Apá D, apá Medicare tí ó jẹ́ ti oògùn, ní dọ́là 2,000 fún ọdún náà.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sílé lọ́dọọdún, ẹ fetí sí èyí: Medicare kì í sábà san owó ìtọ́jú tí a gbà ní òkèèrè. Medigap G máa ń san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìtọ́jú pàjáwìrì ní ọjọ́ 60 àkọ́kọ́ ìrìn àjò, lẹ́yìn tí a bá ti san dọ́là 250 fúnra wa, kò sì ní ju dọ́là 50,000 lọ ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Nígbà tí ibà gbé mi dè ní Ìbàdàn ní ọdún 2024, owó tí mo san kò tó dọ́là 250, nítorí náà èmi ni mo san gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá yàtọ̀. Oògùn oṣù mẹ́ta ni mo máa ń gbé dání báyìí, nínú ike tí orúkọ mi wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ sì fẹ́ mú òbí yín wá láti ilé, ẹ mọ̀ pé òbí tí kò ṣiṣẹ́ níhìn-ín rí, tí kò sì ní ọkọ tàbí aya tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ní láti ti fi green card gbé níhìn-ín fún ọdún márùn-ún gbáko kí ó tó lè ra Medicare, yóò sì san owó Apá A, tí ó lè tó dọ́là 518 lóṣù ní 2025.

Wákàtí kan ni ó ṣẹ́ kù fún mi lọ́dọ̀ onímọ̀ oúnjẹ ní ọdún yìí. Mo ti ṣètò rẹ̀ sí oṣù Kọkànlá, kí Kérésìmesì tó dé, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni ó sì ní kí n bù wá lọ́tẹ̀ yìí.