Heart of the Swarm, Forged Alliance àti Kane's Wrath: èwo ló yẹ kí ẹ náwó lé lórí?

Géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ ó máa kọ́ ilé, ẹ ó máa kó ọmọ ogun jọ láti ṣẹ́gun ọ̀tá. Máàkì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń wò bí wọ́n bá fẹ́ ra géèmù. Lórí Metacritic, níbi tí wọ́n ti ń kó máàkì àwọn alámèyítọ́ pọ̀ sójú kan, Heart of the Swarm, àfikún StarCraft II (apá tuntun tí wọ́n fi kún géèmù tó ti wà tẹ́lẹ̀) tó jáde ní 2013, gba 86 nínú 100. Supreme Commander: Forged Alliance ti 2007 gba 81. Kane's Wrath, àfikún Command & Conquer 3 tó jáde ní 2008, gba 77. Bó bá jẹ́ máàkì yìí nìkan lẹ fẹ́ tẹ̀ lé, Heart of the Swarm lẹ máa rà. Bó bá sì jẹ́ pé ìdíje pẹ̀lú ẹlòmíràn lẹ torí ẹ̀ rà á, ẹ ti fi owó ṣòfò, nítorí ìdajì ohun tí wọ́n fún ní máàkì yẹn ní 2013 kò sí nínú ohun tí wọ́n ń tà mọ́.

Fún ẹni tó ń gbé Tánkẹ̀, Ọ̀ffà tàbí Ọmú-Àrán, ìbéèrè mẹ́ta ló ṣáájú máàkì: kí ni àwọn alámèyítọ́ yìn gan-an, ṣé ohun tí wọ́n yìn ṣì wà níbẹ̀, ṣé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ yín àti dátà yín sì lè gbé e?

Heart of the Swarm: ẹ mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún

Ọjọ́ 12 oṣù kẹta 2013 ni Blizzard, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, gbé e jáde, ẹ̀dà tó lé ní mílíọ̀nù kan ló sì tà láàárín ọjọ́ méjì. Apá méjì ni àwọn alámèyítọ́ yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni ìtàn Kerrigan, akọni obìnrin inú géèmù náà, tí ẹ ó dá gbá fúnra yín. Èkejì ni ìdíje, níbi tí Widow Mine, Viper, Oracle, Tempest àti àwọn ọmọ ogun tuntun mìíràn ti wọlé. Wọ́n yin apá méjèèjì. Ẹjọ́ tí wọ́n rò ni pé ìtàn náà kò jinlẹ̀ tó, àti pé àwọn míṣọ̀n rẹ̀, ìyẹn àwọn iṣẹ́ ogun tí wọ́n ń gbé fúnni níkọ̀ọ̀kan, rọrùn jù.

Ní oṣù kọkànlá 2015, Legacy of the Void, àfikún tó tẹ̀ lé e, jáde, ó sì yí ìdíje padà pátápátá. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń kó ohun ìní jọ ni gbogbo èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó di méjìlá, àwọn ọmọ ogun tuntun sì tún wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá 2017, Blizzard sọ ìdíje náà di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, wọ́n sì fi ìtàn Wings of Liberty, apá àkọ́kọ́ StarCraft II, kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ra Heart of the Swarm lónìí, ìtàn nìkan ló rà: ogún míṣọ̀n gbòógì, àti méje kéékèèké tí wọ́n fi ń yan ìrísí àwọn ọmọ ogun.

Àwọn méje yẹn la fẹ́ràn jù. Ẹ wo ti Zergling, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun Kerrigan. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ dán irú kan wò tó lè fò gun òkè tó sì ń bẹ́ mọ́ ọ̀tá, kí ẹ wá dán ìkejì wò tí ẹyin kan ń pa mẹ́ta dípò méjì. Ẹ̀yin lẹ ó mú ọ̀kan, kò sì sí pé ẹ ń yí i padà nínú ìtàn náà mọ́. Irú ìpinnu báyìí ló mú káwọn alámèyítọ́ gbóríyìn fún un. Ní ti pé ó rọrùn jù, oògùn rẹ̀ wà nínú géèmù náà: bí ẹ bá ti gbá Wings of Liberty tán, ẹ má ṣe mú Normal, Hard ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ fi ti ọ̀fẹ́ dán láptọ́ọ̀pù yín wò ná. Ẹ fi Battle.net, áàpù Blizzard, sórí ẹ̀rọ, ẹ wa StarCraft II (ẹ fi àyè 30GB sílẹ̀), ẹ gbá míṣọ̀n mélòó kan nínú Wings of Liberty. Bó bá ń lọ geere, ẹ tó wá sanwó. Ní 2017, dọ́là 14.99 ni wọ́n fi lé ìtàn kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo iye rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà, kí ẹ sì wo iye àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Legacy of the Void, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí, òun náà sì gba 88.

Àbùkù kan wà tí kò ní oògùn: StarCraft II kò ní LAN, ìyẹn síso kọ̀ǹpútà mọ́ra nínú ilé kan láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. Kódà bí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti pàdé. Bí ẹ bá fẹ́ díje, ẹ yan Europe gẹ́gẹ́ bí agbègbè yín. Ó sún mọ́ wa ju Amẹ́ríkà lọ.

Forged Alliance: máàkì rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n òun ló pẹ́ jù lọ́wọ́

Gas Powered Games, ilé iṣẹ́ Chris Taylor, ló ṣe é. Kò dìgbà tí ẹ bá ní Supreme Commander ti àkọ́kọ́ kí ẹ tó gbá a. Ó fi ìran kẹrin, Seraphim, kún UEF, Cybran àti Aeon. Àwọn alámèyítọ́ yin bí ogun rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí wọ́n ṣe sọ pátákó àṣẹ tó bo ojú ẹ̀rọ di kékeré, àti bí ó ṣe fúyẹ́ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́. Wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ohun mẹ́ta, ó sì yẹ ká gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí wọn kò wúwo bákan náà lónìí.

Míṣọ̀n mẹ́fà péré ló wà nínú ìtàn rẹ̀. Òótọ́ ni, ẹ kò sì lè fi Seraphim gbá a. Ṣùgbọ́n míṣọ̀n kan lè gbà ju wákàtí kan lọ, nítorí bí ẹ bá ti parí iṣẹ́ kan ni ilẹ̀ á tún fẹ̀ sí i tí ọ̀tá tuntun á yọ. Níbi tí iná ti ń lọ láìròtẹ́lẹ̀, ẹ fi eré náà pamọ́ (Save) nígbàkígbà tí ilẹ̀ bá fẹ̀. Bí bátìrì bá kú láàárín méjì, iṣẹ́ wákàtí kan ti lọ nìyẹn.

Wọ́n ní ó le fún ẹni tuntun. Èyí náà jóòótọ́, ọrọ̀ ajé rẹ̀ ló fà á. Nínú Heart of the Swarm, ẹ ó ti san owó ilé tàbí ọmọ ogun kó tó bẹ̀rẹ̀. Níbí, mass àti energy, ohun méjì tí ẹ fi ń kọ́ gbogbo nǹkan, ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ sì ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ẹ̀rọ tó ń wa mass ní ìpele àkọ́kọ́ ń mú 2 wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ilé energy ìpele àkọ́kọ́ ń mú 20 wá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹni tuntun kọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin kí energy tó tó. Bó bá ti tán, ìkọ́lé á fà, ààbò á kú, rédà á kú, ọ̀tá á sì wọlé wẹ́rẹ́. Kí ẹ tó kọ́ ilé iṣẹ́ kejì, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lókè: bí èyí tó ń jáde bá ti pọ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ, ilé energy ló kàn. Tó bá yá, ẹ mọ ilé ìkó-mass-pamọ́ mẹ́rin yí ẹ̀rọ tó ń wa mass ká, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń mú wá á fi ìdajì lé sí i.

Ẹjọ́ kẹta ni pé ó wúwo fún kọ̀ǹpútà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní géèmù 2007 ni, láptọ́ọ̀pù èyíkéyìí á gbé e. Àwòrán rẹ̀ kò ṣòro fún ẹ̀rọ òde òní, lóòótọ́. Ìṣirò ló ń pa á. Ó ń ṣírò ọ̀nà tí ọta kọ̀ọ̀kan ń gbà lójú òfuurufú, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ogun, ojú (core) kan ṣoṣo nínú processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣirò náà. Láptọ́ọ̀pù tó ní ojú mẹ́jọ tó ń falẹ̀ lè fìdí rẹmi níbi tí èyí tó ní mẹ́rin tó yára ti ń lọ. Bí ẹ bá pọ̀, gbogbo ẹ̀rọ ló ń ṣe ìṣirò kan náà tí wọ́n sì ń dúró de ara wọn, bí ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn tírélà lójú ọ̀nà tóóró: èyí tó lọ́ra jù ló ń pinnu eré gbogbo yín.

Ilẹ̀ ogun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 5 ní ìbú àti òró títí dé 81. Lórí láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, ẹ dúró sí 5 àti 10. Lórí ilẹ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ogun bá pẹ́, géèmù náà lè pa ara rẹ̀ lójijì nítorí pé 32-bit ni; ìwọ̀nba ìrántí ló lè lò bó ti wù kí RAM yín pọ̀ tó.

Ohun tí máàkì 2007 kò lè mọ̀ ni Forged Alliance Forever. Àwọn olólùfẹ́ géèmù náà ló dá a sílẹ̀ tí wọ́n ń bójú tó o: wọ́n ń tún àṣìṣe ṣe, wọ́n ń wá alábàádíje fúnni, ẹ sì lè gbá míṣọ̀n pẹ̀lú ọ̀rẹ́. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀, ẹ ó sì so ó mọ́ àkáǹtì tí ẹ fi ra géèmù náà lórí Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá kọ̀ láti so, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ẹlòmíràn kò lè rí ohun tó wà nínú àkáǹtì Steam yín. Ẹ ṣí Game details sí Public ná, kí ẹ tún un ṣe.

Kane's Wrath

Àfikún gidi ni, lórí kọ̀ǹpútà ó nílò Command & Conquer 3. Géèmù ìpìlẹ̀ yẹn gba 85, ìdí sì nìyẹn tí 77 fi dun àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n yìn ni ẹ̀ya mẹ́fà tuntun tó yọ lára GDI, Nod àti Scrin, ìhà mẹ́ta tó ń bára wọn jà, pẹ̀lú ẹ̀rọ ogun ràgàjì kan fún ìhà kọ̀ọ̀kan: MARV, Redeemer àti Eradicator Hexapod. Ohun tí wọ́n bínú sí ni pé míṣọ̀n mẹ́tàlá rẹ̀, Nod nìkan ló wà fún, àti pé Global Conquest, tí ẹ ó ti máa gba ilẹ̀ ayé díẹ̀díẹ̀, kò ní ẹran lára. A gbà pẹ̀lú wọn lórí Global Conquest. Ní ti Nod, ẹni tó fẹ́ràn Kane, olórí Nod, kò ní ṣàròyé.

Òun ló rọrùn jù láti kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ogun rẹ̀ sì ń tètè parí. Wọ́n ti dè é mọ́ àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà kò ni láptọ́ọ̀pù lára tó bẹ́ẹ̀. Ojúlówó ìdíje rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kú nígbà tí GameSpy, ilé iṣẹ́ tó ń so àwọn olùdíje pọ̀, kógbá wọlé ní 2014; C&C:Online, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀, ni wọ́n ń lò báyìí.

Bí ẹ bá pọ̀ nínú ilé kan

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbé pọ̀, LAN ló yẹ kó pinnu. Forged Alliance àti Kane's Wrath ní i, kò sì ń jẹ dátà. Ẹ so gbogbo láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà kan náà, kódà kí dátà má sí nínú rẹ̀. Lórí Windows, ẹ yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sí Private. Nígbà tí firewall bá béèrè, ẹ tẹ Allow. Kí ẹ̀dà géèmù gbogbo yín jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹnì kan wá ṣí ogun kí àwọn yòókù wọlé. Bí ogun tí ó ṣí kò bá hàn sí ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ wo Private yẹn. Bó bá jẹ́ Wi-Fi ọ́sítẹ́lì lẹ lò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dí ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ àtirí èkejì. Ráútà tiyín ló dára jù. Kí iná tó lọ tàbí dátà tó tán, ẹ ti wọ Steam, kí ẹ sì fi í sí Offline Mode kó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Steam tún ní ohun kan tó ń dín ìnáwó dátà kù: láti 2023, bí ẹnì kan bá ti wa géèmù náà sílẹ̀, ẹlòmíràn tó ti ra tirẹ̀ lè gbà á láti orí láptọ́ọ̀pù ẹni yẹn lórí ráútà kan náà. Ó wà nínú Settings, lábẹ́ Downloads.

Bí láptọ́ọ̀pù yín kò bá lágbára rárá, ẹ má tíì náwó. StarCraft ti 1998 pẹ̀lú àfikún rẹ̀, Brood War, ti di ọ̀fẹ́ láti 2017. Ọmọ ogun 12 péré lẹ lè yàn lẹ́ẹ̀kan, àwòrán rẹ̀ sì ti gbó, ṣùgbọ́n a kò tíì rí àfikún tó borí rẹ̀ nínú irú géèmù yìí.

Kí ẹ tó sanwó, àti lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, ẹ kọ dxdiag, kí ẹ wo Processor àti Memory. Dọ́là ni wọ́n fi ń kọ iye, nítorí náà ẹ bi báńkì yín bóyá káàdì náírà yín ń sanwó sókè òkun àti iye tó lè san lóṣù. Ẹ yẹra fún kóòdù olówó pọ́ọ́kú tí ẹni tí ẹ kò mọ̀ ń tà lórí WhatsApp. Wọ́n lè gba géèmù náà padà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tó ti wọ àkáǹtì.

Steam máa ń dá owó padà bí kò bá tíì pé ọjọ́ 14 tí ẹ rà á tí ẹ kò sì tíì gbá a tó wákàtí méjì. Ẹ lo àǹfààní yẹn fún Forged Alliance. Ẹ fọn eruku ọyẹ́ kúrò nínú fáànù, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, kí ó wà lójú iná, nítorí orí bátìrì ni processor ti ń dín eré kù. Ẹ dán an wò lọ́sàn-án, nígbà tí ooru Ìlọrin mú dáadáa. Ẹ ṣí ogun kan sí ilẹ̀ kìlómítà 10 pẹ̀lú ọ̀tá kọ̀ǹpútà mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kó tó ogójì ìṣẹ́jú tí ọmọ ogun á fi pọ̀. Nígbà náà, ẹ gbé fóònù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tó wà nínú géèmù. Bí ìṣẹ́jú kan nínú géèmù bá gba ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ lórí fóònù, processor yín kò lè bá a lọ; ẹ béèrè owó yín kí wákàtí méjì tó pé.