Clownfish tàbí Damsel? Ìfiwéra Àwọn Ẹja Tó Lè Jọ Gbé Nínú Táǹkì Omi Iyọ̀ Kékeré

Táǹkì lítà 75, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, ni mo ní lọ́kàn nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ fi iyùn òkun àti ẹja sílé máa ń kọ́kọ́ rà, torí pé orí tábìlì gbà á, owó rẹ̀ kò sì ga ju ara lọ. Tí ẹ bá ti kó òkúta àti yanrìn sínú rẹ̀, omi tó kù lè máà ju lítà 60 lọ. Ẹja mẹ́ta ló gbà. Mẹ́rin, tí gbogbo wọn bá jẹ́ kékeré. Ẹni tó bá sọ fún yín pé mẹ́jọ ló gbà, ọjà ló fẹ́ tà.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ẹja máa ń gbógun ti èyí tó bá jọ ọ́: tí àwọ̀ wọn bá bára mu, tí ara wọn bá rí bákan náà, tàbí tí wọ́n bá jọ ń du ihò kan. Nínú òkun, èyí tí wọ́n bá lù yóò sá lọ ni. Nínú dígí, ibo ló fẹ́ sá sí? Torí náà, ẹ jẹ́ kí ẹwà àwọ̀ dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ẹja náà ń gbé, ṣé ìsàlẹ̀ ni àbí àárín omi, kí ẹ sì bèèrè bí ìwà rẹ̀ ṣe máa ń rí tó bá dàgbà tán. Méjì-méjì ni mo fi wọ́n wéra, torí pé bí wọ́n ṣe máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù ẹja nìyẹn.

Clownfish àti damsel

Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ìdílé Pomacentridae kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Damsel wà lára àwọn ẹja omi iyọ̀ tí owó wọn kéré jù, kì í sì í tètè kú. Tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n máa ń jù sínú táǹkì tuntun láti fi dán omi wò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tó bá ti ṣáájú dé, ó di ọmọ onílẹ̀: kò sẹ́ni tó máa kọ́lé lẹ́yìn rẹ̀ tí kò ní yọ lẹ́nu. Domino damsel (Dascyllus trimaculatus) tí kò ju èékánná lọ lọ́jọ́ tí ẹ rà á lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, yóò sì máa gé lẹ́bẹ́ gbogbo ẹja tó bá bá a níbẹ̀. Kí ẹ tó lè mú un jáde, ẹ óò tú gbogbo òkúta yín palẹ̀. Nínú gbogbo wọn, yellowtail damsel (Chrysiptera parasema) nìkan ni mo lè fọwọ́ sí, òun náà kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Clownfish tí mo ń wí ni ocellaris, aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun mẹ́ta. Ẹ má ra maroon clownfish. Ó tóbi, abo rẹ̀ sì le débi pé yóò máa bu ọwọ́ yín ṣán tí ẹ bá ń nu dígí. Ẹ bèèrè fún ocellaris tí wọ́n bí sínú táǹkì. Ó pọ̀ lọ́jà, ó ti mọ oúnjẹ inú ike, ojú rẹ̀ sì ti là sí èèyàn.

Tí ẹ bá fẹ́ méjì, ẹ mú ńlá kan, ẹ mú kékeré kan. Akọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jẹ́. Èyí tó bá di ọ̀gá ni yóò yí padà di abo, kò sì ní padà di akọ mọ́ láéláé. Bí ẹ bá lọ mú àgbàlagbà méjì tí wọ́n ti di abo, ìjà àjàkú ni. Tí ẹ bá wá rí i tí kékeré ń gbọ̀n jìgìjìgì níwájú ńlá, tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ má sáré lọ ra oògùn. Ó ń júbà fún ọ̀gá rẹ̀ ni.

Ẹni tó ń tajà lè fẹ́ ta anemone mọ́ ọn, ìyẹn ẹ̀dá òkun tó rí bí òdòdó tí clownfish máa ń fi ṣe ilé nínú òkun. Ẹ ní kò tíì kàn. Iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa àti omi tó ti pẹ́ ni anemone ń fẹ́, ó sì máa ń rìn kiri. Tó bá rìn wọ ẹnu pọ́ǹpù, pọ́ǹpù yóò lọ̀ ọ́, ó lè ba gbogbo omi jẹ́. Clownfish lè gbé ayé rẹ̀ tán láìfojú kan anemone.

Royal gramma àti royal dottyback

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti la ojú yín dáadáa, torí pé ẹja méjì yìí jọra débi pé ẹni tó ń tà wọ́n gan-an lè ṣì wọ́n mú. Àwọn méjèèjì jẹ́ aláwọ̀ elésè àlùkò níwájú, yẹ́lò lẹ́yìn. Kò sí èyí tó ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ dáadáa. Ìwà wọn ló jìn síra.

Gramma (Gramma loreto) wá láti òkun Caribbean. Ihò kan ṣoṣo ló ń fẹ́, abẹ́ òkúta ló sì fẹ́ràn. Ẹ óò máa bá a níbẹ̀ tó dojú ikùn sókè, tó ń wẹ̀ bí ẹni pé orí òkúta náà ni ilẹ̀. Tí ẹja mìíràn bá sún mọ́ ọn, yóò la ẹnu gbàgàdà sí i. Ẹnu lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà. Dottyback (Pictichromis paccagnella) kì í la ẹnu lásán ní tirẹ̀. Gbogbo táǹkì kékeré ni yóò sọ di ilé rẹ̀, yóò máa lé ẹja tó tóbi jù ú lọ, edé kéékèèké tí ẹ fowó gidi rà kò sì ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ nìyí. Ẹ wo àárín ara. Ti gramma, àwọ̀ elésè àlùkò náà ń ṣá díẹ̀díẹ̀ wọnú yẹ́lò, pẹ̀lú àmì tóótòòtó níbi tí wọ́n ti pàdé. Ti dottyback, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fi rúlà fa ìlà sáàárín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo iwájú lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn: gramma ní àmì dúdú kan níbẹ̀, ó sì ní ìlà dúdú tó gba ojú rẹ̀ kọjá. Lẹ́bẹ́ dottyback mọ́ gaara, kò ní àmì kankan.

Gramma àti clownfish kì í pàdé nínú òkun rárá, torí pé òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni clownfish ń gbé. Síbẹ̀, wọ́n ń jọ gbé wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú dígí: ọ̀kan wà lábẹ́ òkúta, èkejì wà lókè. Gramma kan péré ni kí ẹ mú o. Gramma méjì kò lè gbé inú lítà 75.

Banggai cardinalfish àti green chromis

Wọ́n á ní kí ẹ ra chromis márùn-ún kí wọ́n lè máa wẹ̀ pọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ó máa ń dára lójú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, èyí tó lágbára jù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èyí tó rẹ̀yìn lẹ́nu títí yóò fi kú, wọn yóò bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e, títí tí yóò fi ku ẹyọ kan. Nínú táǹkì kékeré, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Banggai (Pterapogon kauderni) rọra ń lọ ní tirẹ̀. Ara rẹ̀ rí bíi fàdákà, pẹ̀lú ìlà dúdú àti àmì funfun wínníwínní. Erékùṣù Banggai lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sulawesi ní Indonéṣíà ni ilé rẹ̀, kò sì pọ̀ níbòmíràn. Mímú tí wọ́n ń mú un lọ fún títà mú kí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu ìparun ní 2007. Ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n sìn nínú táǹkì fi jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tó yẹ ní rírà, kò sì ṣòro láti rí, torí pé ó ń bímọ nínú dígí: akọ ló ń kó ẹyin sẹ́nu, kò sì ní jẹun fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹyọ kan, tàbí akọ kan àti abo kan tí wọ́n ti mọ ara wọn. Tí wọ́n bá di mẹ́ta, ìjà ni.

Firefish àti six-line wrasse

Firefish (Nemateleotris magnifica) jẹ́ ojo pátápátá. Àárín omi ló máa ń dúró sí, tí yóò máa fi lẹ́bẹ́ gígùn orí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe fìrì-fìrì, àmọ́ tí ìlẹ̀kùn bá dún gbàù báyìí, ó ti wọ ihò. Tàbí kó fò jáde: ilẹ̀ ni ẹ óò ti bá a lówùúrọ̀, tó ti gbẹ. Ẹ ra àwọ̀n tó bo ojú táǹkì pátá kí ẹ tó ra firefish.

Six-line máa ń jẹ kòkòrò tó ń ba iyùn jẹ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń yìn ín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti mọ táǹkì kékeré dunjú, kò sí ẹja kékeré tó máa sinmi, firefish ló sì máa kọ́kọ́ kú. Ẹ má pa àwọn méjèèjì pọ̀ láé.

Watchman goby àti mandarin

Mandarin lẹ́wà ju gbogbo ohun tó wà lójú ìwé yìí lọ. Ebi ni yóò pa á. Copepod, kòkòrò tín-ín-rín tó ń gbé lára òkúta, ló ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́, òkúta táǹkì kékeré kò sì lè pèsè rẹ̀ tó. Ẹ má rà á, àyàfi tí ẹ bá fojú ara yín rí i tó ń jẹ oúnjẹ dídì ní ṣọ́ọ̀bù.

Yellow watchman goby (Cryptocentrus cinctus) ni kí ẹ mú, kí ẹ sì fi edé pistol kan kún un. Edé náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran. Òun ló ń gbẹ́ ihò, tó ń ti yanrìn jáde. Goby dúró sẹ́nu ọ̀nà, edé gbé ìwo gígùn orí rẹ̀ lé e lára. Bí goby bá fi ìrù ta, edé ti wọlé. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí òkúta yín jókòó lórí dígí gan-an kí ẹ tó da yanrìn yí i ká, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ edé yóò gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, òkúta yóò sì wó lu àwọn méjèèjì.

Ní ti yellow tang àti blue tang tí àwọn ọmọ yín yóò máa nawọ́ sí: àkọ́kọ́ ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, èkejì tó 30. Ẹ kọjá.

Èwo ni kí ẹ kó pọ̀?

Tí owó bá jẹ́ tèmi, ocellaris méjì, gramma kan, watchman goby kan pẹ̀lú edé rẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, Banggai kan, firefish kan, àti tailspot blenny, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, tó sì ń ha ewé òkun lára òkúta jẹ. Ẹ má gba lawnmower blenny dípò rẹ̀. Ìyẹn ń gùn tó 14.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ooru àti iná ni ọ̀tá yín. Digíríì 24 sí 26 ló dára. Fáànù tó ń fẹ́ sójú omi yóò mú un tutù díẹ̀, àmọ́ omi yóò máa gbẹ, iyọ̀ kì í sì í bá omi gbẹ. Omi aláìníyọ̀ ni kí ẹ fi dí i, kí ìwọ̀n iyọ̀ (specific gravity) má bàa kúrò ní 1.025. Ẹ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì fún ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹ má sì lọ bu omi etíkun Lekki, nítorí ohun tí gọ́tà ń dà síbẹ̀. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, omi ẹ̀rọ yín kò dára fún un. Omi RO, tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ sẹ́ mọ́ tónítóní, wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹja.

Omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, títí tí ammonia àti nitrite, májèlé inú omi tuntun, yóò fi di òdo. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fún ẹja náà lóúnjẹ lójú yín. Èyí tí kò bá jẹ, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ojo ni kó kọ́kọ́ wọlé: goby tàbí firefish. Gramma tẹ̀ lé e, clownfish gbẹ̀yìn, kí ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán sì wà láàárín. Tí àwọn ti àtijọ́ bá gbógun ti àlejò, ẹ tún òkúta díẹ̀ tò síbòmíràn, kí gbogbo wọn jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé lákọ̀tun.