Kírímù gìgísẹ̀ ₦4,500: ẹsẹ̀ gbà á, ojú kọ̀ ọ́

Tíṣà Báyọ́lọ́jì ni mí n'Ílọrin. Ọyẹ́ ọdún yìí kò fojú ire wò mí rárá. Sálúbàtà ni mo máa ń wọ̀ dúró síwájú pátákó látàárọ̀, gìgísẹ̀ mi wá sán débi pé bí mo bá na ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa fa òwú ṣíìtì yọ. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ ti ń fi ẹsẹ̀ gé aṣọ o."

Ilé oògùn kan ni mo ti ra kírímù yìí. Yúríà 25% (èròjà tó ń mú awọ rọ̀) ni wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Mo rẹ ẹsẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo nù ún, mo pa kírímù nígbà tí ara ẹsẹ̀ ṣì tutù, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Lálẹ́ kẹrin, etí ibi tó sán ti rọ̀. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti dí. Òrí Ṣakí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún gìgísẹ̀, kí n má parọ́.

Àmọ́ wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé "fún gbogbo ara". Irọ́ ńlá! Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi èyí tó kù lọ́wọ́ mi pa ìpéǹpéjú, pé kó má ṣòfò. Àfi bí ẹni fi ata sójú. Dígí dúdú ni mo wọ̀ lọ síbi àpéjọ àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ SS2 náà ni o! Òkú sẹ́ẹ̀lì ló tò léra lókè awọ bíi búlọ́ọ̀kù, ọ̀rá ni símẹ́ǹtì àárín wọn. Ní gìgísẹ̀, odi ni. Yúríà ń fa omi sínú odi yẹn, ó ń tú èyí tó le. Ti ìpéǹpéjú kò nípọn rárá, kí ló fẹ́ tú níbẹ̀? Lọ́dún 1967, àwọn olùwádìí méjì, Feldmann àti Maibach, fi hydrocortisone, oògùn awọ kan, wo bí nǹkan ṣe ń wọ awọ sí níbi kọ̀ọ̀kan lára: èyí tó wọlé níwájú orí tó ìlọ́po 6 ti apá, ti àtẹ́lẹsẹ̀ kò ju ìdá 1 nínú 7 lọ. Awọ ẹpọ̀n ló ga jù, ìlọ́po 42. Bàálé mi gbọ́ èyí, ló bá gbé ike náà kúrò nítòsí ọṣẹ ìwẹ̀ rẹ̀.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5, fún gìgísẹ̀ àti ìgúnpá nìkan. Òrí mi ni mo padà sí fún ojú. Ìdérí ike náà kì í sì í dé dáadáa, rọ́bà ni mo fi dè é.