Oògùn ADHD àti tẹ́rápì: mo ti lo méjèèjì, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Télọ̀ ni mí ní Kàbà. Lọ́dún tó kọjá, mo fi ìwọ̀n ẹlòmíràn gé aṣọ ìsìnkú oníbàárà kan. Ìwọ̀n tirẹ̀ wà nínú ìwé, ìwé wà lórí tábìlì, ọwọ́ mi wà lórí ìwé, àmọ́ ọkàn mi ti bá oníṣu tó ń polówó níta lọ. Ìnáwó ku ọjọ́ mẹ́ta. Àpò ara mi ni mo fi ra aṣọ mìíràn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ní n kì í fọkàn sí nǹkan, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà ju ìbáwí lọ.

Dókítà tí mo rí ní Ìlọrin kò kọ oògùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n mú káàdì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi wá, nítorí pé kí wọ́n tó lè pè é ní ADHD (àìsàn àìlèfọkàn sí nǹkan àti àìlèjókòó jẹ́ẹ́) lára àgbàlagbà, àmì rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ hàn kí onítọ̀hún tó pé ọdún 12. Abẹ́ aṣọ òkè nínú àpótí ni Yèyé tọ́jú wọn sí. Nínú káàdì mẹ́fà, mẹ́rin ló sọ pé ẹnu mi kì í dákẹ́ ní kíláàsì. "Okun o," ni Yèyé fi kí mi bí a ṣe ń kíra wa níbí, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Tẹ́rápì, ìwòsàn tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú, lórí fóònù, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ká sòótọ́, owó tí mo fi sí i nígbà yẹn dànù. Wọ́n á ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé, n ó gbàgbé. Wọ́n á pè mí, n ó ti gbàgbé pé ọjọ́ yẹn ni. Arábìnrin tó ń ṣe tẹ́rápì náà fún mi mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìméèlì ló ń bá mi sọ ṣáá, èmi tí àwọn oníbàárà mi ń ju aṣọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n sì ń bá tiwọn lọ!

Ìgbà tó yá ni dókítà kọ methylphenidate, oògùn ADHD, fún mi. Kẹ́míìsì mẹ́ta ni mo dé ní Kàbà, kò sí níbì kankan. Oògùn tí òfin ń ṣọ́ ni, láìsí ìwé dókítà wọn kì í tà á. Nítorí náà, ọ̀nà Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́ ni mò ń gbà lọ sí Ìlọrin lọ rà á, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà náà mọ ohun tí ẹ̀yìn mi ń rí.

Ó ṣiṣẹ́ o. Tí mo bá gbé e mì laago méje, kó tó di mẹ́jọ, ariwo inú orí mi á rọlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá pa gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rán ọrùn bùbá kan láìdìde. Ó di ọ̀sán, ó ti tán lára mi. Ìyọnu rẹ̀ pọ̀: iyán a tutù níwájú mi, àyà mi a máa lù kìkì, ìgbà tí mo sì lo èkejì laago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ojú mi ni ilẹ̀ fi mọ́. Dókítà ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi nígbàkigbà tí mo bá lọ.

Àmọ́ oògùn kò kọ́ mi ní létòlétò. Mo kàn ń fi ìfarabalẹ̀ rán aṣọ tí kò kàn ni. Mo bá padà sí tẹ́rápì, ìgbà yìí ló wá wọlé. Aṣọ kọ̀ọ̀kan ti ní ìṣó tirẹ̀ lára ògiri, ìwé ìwọ̀n rẹ̀ wà lára rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́. N kì í gbé sísọ́ọ̀sì títí ọmọ iṣẹ́ mi á fi ka ìwọ̀n náà sókè.

Ní Jámánì, wọ́n dán oògùn àti tẹ́rápì wò lára àgbàlagbà 433 tó ní ADHD, èsì rẹ̀ jáde ní 2015: tẹ́rápì tí wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ kò ta ìmọ̀ràn dókítà lásán yọ, ṣùgbọ́n methylphenidate ta oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú yọ. Ti Amẹ́ríkà ní 2010, ènìyàn 86 tó ti ń lo oògùn tí àmì kò tíì lọ lára wọn, ni wọ́n fún ní irú tẹ́rápì tí mo ṣe, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ ju ẹ̀kọ́ ìfarabalẹ̀ lọ. Èyí kejì ló jọ tèmi.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, oògùn ni n ó mú. Lọ́sẹ̀ yìí, aṣọ ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló wà lọ́wọ́ mi. Méje ti parí, ìkẹjọ ṣì ń dúró de bọ́tìnì, torí mo gbàgbé rẹ̀ sí ọjà.