Péèjì ọ̀fẹ́ lórí server dípátímẹ́ǹtì: mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì lágbègbè Ìjẹ̀bú níbí tẹ́ ẹ ṣì ń sanwó hosting (owó ibi tí péèjì ń gbé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) torí péèjì kékeré tẹ́ ẹ fẹ́ kó nóòtì àtiṣẹ́ ìwádìí yín sí, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ní dípátímẹ́ǹtì yín ná. Tiwa ń fún wa láyè lórí server wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé péèjì síta fún aráyé, ọ̀fẹ́ ni, mo sì gbádùn ẹ̀ gan-an.

Wọ́n á ṣí àkáǹtì fún yín, ẹ ó wá dá fódà kan sínú ẹ̀ tó ń jẹ́ public_html, ohun tẹ́ ẹ bá ti kó síbẹ̀ ni aráyé á máa rí. Àdírẹ́ẹ̀sì yunifásítì ló máa ṣáájú, àmì ~ á tẹ̀lé e, orúkọ àkáǹtì yín á wá kẹ́yìn. Péèjì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ index.html, lẹ́tà kékeré o, Linux ni ètò tó ń darí server náà, Index.html yàtọ̀ sí i pátápátá. HTML lásán, èdè tí wọ́n fi ń kọ péèjì íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo fi kọ tèmi, kò sí ìpolówó kankan níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́, kódà lásìkò Ojúde Ọba tí èrò kún Ìjẹ̀bú-Òde tí network ò rìn mọ́, ó ṣì ń ṣí lórí fóònù.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró ni 403 Forbidden. Ẹ ti kó fáìlì dé, gbogbo ẹ̀ pé, ẹ ṣí i, ó ní ẹ ò láṣẹ. Nǹkan kan ò bàjẹ́. Apache, ètò tó ń gbé péèjì fún ẹni tó bá ṣí i, gbọ́dọ̀ lè gba inú fódà ilé yín (fódà àkáǹtì yín tí public_html wà nínú ẹ̀) kọjá kó tó dé public_html, bí àlejò tó gba pálọ̀ kó tó dé ẹ̀yìnkùlé, torí náà ẹ fi chmod, àṣẹ tó ń sọ ẹni tó lè wọlé, kà tàbí kọ, ṣe 711 fún fódà ilé, 755 fún public_html, 644 fún àwọn fáìlì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi 777 sí gbogbo ẹ̀ kó lè yá, ẹ má dá a lóhùn rárá! Ẹnikẹ́ni tó bá ní àkáǹtì lórí server yẹn á lè kọ ohun tó wù ú sínú fáìlì yín nìyẹn.

Wọn ò gba PHP, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò tó máa ṣiṣẹ́ lórí server fúnra ẹ̀, láyè, èmi ò sì bá wọn jà, torí server àjùmọ̀lò ni.

Ti iná ló ń bí mi nínú. Tí iná bá lọ lọ́jọ́ Fúráìdé tí báttìrì ìnfátà sì tán, ọ́físì ti wà ní títì, ó di Mọ́ńdè kẹ́nì kan tó tan server padà, àwọn ọmọ tó fẹ́ ka nóòtì sì ní tẹ́ẹ̀sì láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn gan-an.

Èyí tó wá dùn mí jù, ọ̀gá wa kan fẹ̀yìn tì, wọ́n pa àkáǹtì rẹ́, nóòtì tí gbogbo wa fi ń kàwé wọlẹ̀ lọ, líǹkì ẹ̀ tó wà nínú pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ò sì ṣí mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yahoo ṣe ti GeoCities, ibi tí aráyé ń kọ péèjì ọ̀fẹ́ sí, pa lọ́dún 2009. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ gbé òmíràn sí GitHub Pages, ibòmíràn tó ń gbé péèjì síta, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ 1 GB ni wọ́n fi mọ, kẹ́ ẹ sì fi líǹkì yín sí Wayback Machine, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà péèjì íńtánẹ́ẹ̀tì, kó bá yín pa á mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó server, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó pa àkáǹtì ẹni tó ń lọ rẹ́, ẹ fi ímeèlì tó o létí, kó ráyè kó fáìlì ẹ̀.